Ẹni tí Ó Rí Ihò Lára Ògiri Ọmọnìkejì Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè rí ibi wọ̀ ọ́. Nígbàkígbà tí a bá ń pa òwe yìí, ohun méjì ni a máa ń rò: ògiri tí ó lanu, àti aláǹgbá tí ó wọlé. A kì í sábà rántí ẹnì kẹta, èyí tí í ṣe ẹni tí ń kọjá lọ ní tirẹ̀, tí ó sì rí i pé ògiri aládùúgbò ti là, kí aláǹgbá tó mọ̀, kí onílé pàápàá tó mọ̀. Kí ni ó yẹ kí ẹni yìí ṣe? Kí ó ké ní gbangba ni, tàbí kí ó yọ́ lọ sọ fún onílé, tàbí kí ó dákẹ́? Ṣé ìmọ̀ tí ó ní yìí jẹ́ tirẹ̀, tí ó lè fi ṣe ohun tí ó wù ú, tàbí ti onílé ni? Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé wa gbé yẹ̀wò, nítorí ní ayé tí a wà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògiri alámọ̀ nìkan mọ́.

Ògiri tí ó yí ohun ìní àwọn ènìyàn ká lónìí, ìwé kíkọ ni. Owó tí ó wà ní báńkì, ìwé àìsàn tí ó wà ní ilé-ìwòsàn, èsì ìdánwò àwọn ọmọ, inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn wà. Ohun tí ń ṣọ́ wọn níbẹ̀ ni àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ ní èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà lórí ìlà. Ẹ̀rọ kò ní làákàyè. Ó jẹ́ ìránṣẹ́ tí ń ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti rán an gan-an, tí kì í fi tirẹ̀ kún un. Bí ẹni tí ó kọ àṣẹ bá gbàgbé ohun kan ṣoṣo, ìránṣẹ́ kò ní bá a rántí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí a ń pè ní OpenSSL, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé ń lò láti sọ ọ̀rọ̀ di àrokò, kí ẹni tí ń yọ́ fetí kọ́ má bàa gbọ́ ọ. Ní ọdún 2012 a fi ohun kékeré kan kún un. Bí kọ̀ǹpútà méjì bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan lè fẹ́ mọ̀ bóyá èkejì ṣì wà níbẹ̀, yóò sì wí fún un pé: 'Dá ọ̀rọ̀ mi yìí padà fún mi, lẹ́tà mẹ́ta ni.' Èkejì yóò sì dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ àṣẹ náà gbàgbé láti pàṣẹ fún ìránṣẹ́ pé kí ó kọ́kọ́ ka iye lẹ́tà náà wò. Nítorí náà, bí alárékérekè kan bá fi ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta ránṣẹ́, tí ó sì purọ́ pé lẹ́tà 60,000 ni, ìránṣẹ́ yóò dá mẹ́ta náà padà, yóò sì máa bá kíkà lọ láti inú ohunkóhun tí ó bá wà lẹ́bàá wọn, títí iye náà yóò fi pé: orúkọ ènìyàn, ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹnìkan fi ń wọlé, àní kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń tú àrokò náà pàápàá. A kò já ilẹ̀kùn kankan. Ìránṣẹ́ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹrù olúwa rẹ̀ fún àlejò, ó sì rò pé òun ń ṣe iṣẹ́ òun.

Ọdún méjì ni ihò yìí fi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni OpenSSL jẹ́ ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kà. Ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin, ọdún 2014 ni a kéde rẹ̀, a sì sọ ọ́ ní Heartbleed. Ohun tí ó jọ wá lójú jù nínú ìtàn yìí ni pé ẹni méjì ni ó rí i láìmọ̀ nípa ara wọn: Neel Mehta, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Google, àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Codenomicon ní ilẹ̀ Finland. Ọdún méjì kọjá tí ẹnikẹ́ni kò wí nǹkan kan, lẹ́yìn náà ni ojú méjì tún rí ohun kan náà láàrin àkókò kúkúrú. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò fún wa níwájú. Ẹni tí ó bá rí irú ihò bẹ́ẹ̀, tí ó sì wí nínú ọkàn rẹ̀ pé òun nìkan ni òun mọ̀ ọ́n, kò ní ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé.

Àríyànjiyàn lórí ọ̀ràn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1851, nígbà tí a ṣe Ìpàtẹ Ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Alfred Charles Hobbs wá sí ìlú náà. Àwọn oníṣẹ́ àgádágodo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń yangàn pé ti àwọn kò ṣeé ṣí láìsí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé-iṣẹ́ Bramah ti gbé ọ̀kan sí ojú fèrèsé ilé ìtajà rẹ̀, tí ó sì ṣèlérí 200 gínì fún ẹni tí ó bá lè ṣí i. Hobbs ti kọ́kọ́ ṣí àgádágodo ilé-iṣẹ́ Chubb láàrin ìdajì wákàtí. Ó wá jókòó ti ti Bramah fún wákàtí 51, tí ó pín sí ọjọ́ 16, ó sì ṣí òun náà. Ariwo sọ. Àwọn kan bínú pé ó ń kọ́ olè ní iṣẹ́. Àwọn mìíràn dáhùn pé olè ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Onílé tí ó ra àgádágodo, tí ó sì sùn fọnfọn, ni kò mọ̀. Àwa fara mọ́ èsì yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò parí ọ̀rọ̀. Ojú àwọn olóhun ni Hobbs ṣe ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣí òmíràn nínú irú rẹ̀ ní láti tún jókòó tì í. Ihò inú ètò kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá ti mọ̀ ọ́n nínú ilé kan, a ti mọ̀ ọ́n nínú àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ilé lẹ́ẹ̀kan náà.

A wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rí ihò tí ó sì dákẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ilé-iṣẹ́ kan tí a ń pè ní NSA, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtigbọ́ ohun tí àwọn ọ̀tá ìlú wọn ń sọ ní ìkọ̀kọ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí rí ihò kan nínú Windows, ètò tí Microsoft ṣe, tí ó sì wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà ilé àti ọ́fíìsì ní gbogbo ayé. Ibi tí kọ̀ǹpútà kan gbé ń bá èkejì pín ìwé lò ni ihò náà wà. Wọ́n ṣe irinṣẹ́ kan tí ń gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sọ ọ́ ní EternalBlue, wọn kò sì sọ fún Microsoft. Ìwé ìròyìn Washington Post kọ ọ́ ní ọdún 2017 pé ó ju ọdún márùn-ún lọ tí wọ́n fi lò ó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, àwọn kan tí wọ́n pe ara wọn ní Shadow Brokers yọ jáde, wọ́n ní irinṣẹ́ NSA wà lọ́wọ́ àwọn, àwọn sì fẹ́ tà á ní gbàǹjo. Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2017 ni Microsoft gbé àtúnṣe ihò náà jáde. Ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ni Shadow Brokers da EternalBlue sí ìgboro, kí ẹni tí ó bá fẹ́ máa mú un.

Ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ni ibi náà dé. A pe orúkọ rẹ̀ ní WannaCry. Ó ń ti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sínú èkejì bí àrùn, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan tàbí ṣí nǹkan kan. Bí ó bá ti wọlé, yóò sọ gbogbo ìwé tí ó bá níbẹ̀ di àrokò tí olóhun kò lè kà mọ́, yóò sì bèèrè 300 dọ́là kí ó tó tú u. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó ti wọ kọ̀ǹpútà tí ó ju 200,000 lọ ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú àwọn ẹgbẹ́ ilé-ìwòsàn ìjọba 236, ó kéré tán 81 ni ọ̀ràn náà kàn. Àwọn olùyẹ̀wò ìnáwó ìjọba ilẹ̀ náà ṣírò rẹ̀ pé a fagi lé ìpàdé aláìsàn pẹ̀lú dókítà tí ó ju 19,000 lọ, àwọn iṣẹ́ abẹ sì wà nínú rẹ̀. Ní agbègbè márùn-ún àwọn aláìsàn pàjáwìrì ní láti lọ wá ìtọ́jú ní ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ìjọba Àríwá Kòríà ni ó wà lẹ́yìn iṣẹ́ burúkú yìí.

Aláǹgbá ni ó jẹ̀bi jù, a kò jiyàn rẹ̀. Ẹni tí ó ti ilé-ìwòsàn pa kí ó lè gba owó kò ní àwáwí níwájú Ọlọ́run tàbí ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ni wọ́n ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé ẹ̀bi kì í fìgbà gbogbo dúró lọ́dọ̀ ẹnì kan. Nínú Òfin Mósè a rí i pé bí ènìyàn bá ṣí kòtò tí kò sì bò ó, tí màlúù ẹlòmíràn sì já sínú rẹ̀, ẹni tí ó ni kòtò ni yóò san án. Òfin náà kò bi í bóyá ó fẹ́ kí màlúù já síbẹ̀. NSA kọ́ ni ó gbẹ́ kòtò yìí. Àṣìṣe àwọn tí ó kọ Windows ni. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ pé ó wà lójú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà, ó sì fi ewé bò ó lójú kí ó lè máa fi ṣe pàkúté.

Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé ìjọba ní ojúṣe láti ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, àti pé nípasẹ̀ irú ihò bẹ́ẹ̀ ni a fi lè gbọ́ ìmọ̀ràn àwọn tí ń gbèrò láti paniyan. Èsì yìí kì í ṣe èsì òmùgọ̀, ó sì yẹ kí ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ìwà rere fi ara balẹ̀ wò ó. Bí ihò náà bá wà lára ògiri ọ̀tá nìkan, bóyá ni a ó ní ohun tí a lè wí. Ṣùgbọ́n ògiri kan náà ni ó yí ọ̀tá àti aláìsàn ká. Ẹni tí ó fi ògiri sílẹ̀ ní lílanu kí ó lè máa yọjú wo ọ̀tá, ìyá tí ń rọbí ní ilé-ìwòsàn, akọ̀wé báńkì, olùkọ́ tí ó kó èsì ìdánwò jọ, gbogbo wọn ni ó fi sílẹ̀ ní ìhòòhò láìbi wọ́n. A sì ti rí i nínú ọ̀ràn Heartbleed pé ohun tí ojú kan rí, ojú mìíràn lè rí i. Bí a bá tilẹ̀ gbà pé ọba lè dákẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ nítorí ewu tí ó ń bọ̀ ní ọ̀la, a kò rí ìdí tí a ó fi pe ọdún márùn-ún ní ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, lẹ́yìn gbogbo àdánù wọ̀nyí, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde ní gbangba lórí bí wọn yóò ṣe máa pinnu ihò tí wọn yóò sọ àti èyí tí wọn yóò pa mọ́. Ó sàn ju kí a máa ṣe é nínú òkùnkùn lọ. Síbẹ̀ ẹni tí ihò wà lára ògiri rẹ̀ kò sí nínú ìgbìmọ̀ náà.

Ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2017 kan náà ni a tún fi EternalBlue ṣe iṣẹ́ búburú mìíràn tí a ń pè ní NotPetya. Ilẹ̀ Ukraine ni a dojú rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀. Ó wọ ilé-iṣẹ́ Maersk ti ilẹ̀ Denmark, tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí Apapa wa níhìn-ín. Ilé-iṣẹ́ náà ní láti tún kọ̀ǹpútà 45,000 tò láti ìpìlẹ̀. Ìwé tí ó júwe bí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ṣe so pọ̀ ṣègbé níbi gbogbo, àfi ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Gánà, nítorí pé iná mànàmáná ti lọ níbẹ̀ kí àrùn náà tó dé. Àwọn òṣìṣẹ́ Gánà kò ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ọ̀kan nínú wọn gbé ohun tí ìwé náà wà nínú rẹ̀ wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fi lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, òun ni ó sì gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Àwa tí a máa ń kùn nígbà tí iná bá lọ lè rẹ́rìn-ín díẹ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ìjà tí àwọn ará Gánà kò sí nínú rẹ̀ ni ó sọ ọ́fíìsì wọn di ibi tí gbogbo ayé ń sá wá.

Ṣé ẹ̀bi onílé kò sí nínú rẹ̀ ni? Ó wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé wòlíì Esekieli mọ ọ̀ràn olùṣọ́ tí ó rí idà tí kò sì fọn ìpè, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀ràn ẹni tí ó gbọ́ ìpè tí kò gba ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọjọ́ tí Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde títí di ọjọ́ tí WannaCry dé, ọjọ́ 59 ni. A kìlọ̀ fún àwọn ilé-ìwòsàn náà ní oṣù Kẹta àti ní oṣù Kẹrin. Síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ yára dá wọn lẹ́jọ́ bí ẹni tí kò mọ ohun tí ilé-ìwòsàn jẹ́. Ẹ̀rọ kan tí ń ya àwòrán egungun ènìyàn kò ṣeé pa ní ọ̀sán kí a tún un ṣe nígbà tí aláìsàn wà lórí ìlà, owó tí a ó fi ra titun kò sì sí lọ́wọ́ olórí ilé-ìwòsàn. Ẹni tí ó mọ̀ fún ọdún márùn-ún ni ó gba àkókò náà lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tí ó dá WannaCry dúró ní ọjọ́ kan náà tí ó bẹ́ sílẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22, Marcus Hutchins, ní ìlú kékeré kan ní etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó tú iṣẹ́ burúkú náà wò, ó sì rí i pé kí ó tó ṣe nǹkan kan, ó kọ́kọ́ ń pe àdírẹ́sì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí kò ní olóhun. Hutchins ra àdírẹ́sì náà ní owó tí kò tó dọ́là 11. Láti ìgbà tí àdírẹ́sì náà ti ń dáhùn, WannaCry a máa dákẹ́. Òun tìkára rẹ̀ sọ pé òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà a mú un ní Amẹ́ríkà, nítorí ètò kan tí ó ti bá wọn kọ ní ìgbà èwe rẹ̀, tí àwọn olè fi ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀bi rẹ̀ ní ọdún 2019, adájọ́ kò sì fi í sí ẹ̀wọ̀n mọ́. Ó ní ọjọ́ tí ó ti lò ní àtìmọ́lé tó, kí a kàn máa ṣọ́ ọ fún ọdún kan. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ sọ apá méjèèjì ìtàn yìí fún àwọn ọmọ. Ìmọ̀ kan náà ni ó lò fún ibi àti fún ire, ohun tí ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ kò sí nínú ìmọ̀ náà rárá. Nítorí èyí ni a kò fi lè gba ìmọ̀ràn àwọn tí ń wí pé kí a má kọ́ ọmọ ní bí a ti ń wá ihò, kí ó má bàa di olè.

Ó ku ẹni tí ó ké kí onílé tó rí amọ̀ pò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ihò inú Log4j di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà tí àtúnṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Kò pẹ́ rárá tí àwọn olè fi bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn kiri. Láti yẹra fún irú èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn olùwá-ihò fi ń sọ fún olóhun ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n sì ń dá àkókò fún un. Ẹgbẹ́ Project Zero, tí Google dá sílẹ̀ ní ọdún 2014, a máa fún un ní ọjọ́ 90. Bí kò bá tún un ṣe, wọn yóò sọ ọ́ ní gbangba, kí àwọn tí ń gbé inú ilé lè mọ ibi tí wọ́n sùn sí. Àwọn olóhun kan pe èyí ní ìhàlẹ̀. Ní tiwa, a rò pé láìsí ọjọ́ tí a dá, ìwé náà yóò sùn sínú dúrọ́ọ̀.

Kí a sì ṣọ́ra fún owó. Bí onílé bá fi ìfẹ́ ara rẹ̀ ṣèlérí ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá fi ihò hàn án, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ Netscape ti ṣe ní ọdún 1995, kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Owó Bramah náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kó ẹrù tán kí ó tó wá bèèrè ẹ̀bùn, olè ni. Ní ọdún 2016 àwọn méjì jí àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà àti awakọ̀ Uber tí iye wọn tó àádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà 57, ilé-iṣẹ́ náà san 100,000 dọ́là fún wọn, ó pe owó náà ní ẹ̀bùn olùwá-ihò, ó sì pa á mọ́ fún ọdún kan. Ní ọdún 2022 ilé-ẹjọ́ dá olórí àwọn tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi nítorí pé ó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí ilé-ìwé wa. Ká ní ọmọ kan ń wo èsì ìdánwò tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣèèṣì tẹ nọ́ńbà kan dípò òmíràn, èsì ọmọ mìíràn sì jáde. Ó ti rí ihò. Ibẹ̀ ni kí ó ti dúró. Kò gbọdọ̀ tẹ nọ́ńbà kejì láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, kò sì gbọdọ̀ fi ohun tí ó rí han ọ̀rẹ́. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2015 fi ìyà lé ẹni tí ó bá fi èrò jìbìtì wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgba àṣẹ, kò sì rọrùn fún ọmọdé láti fi èrò ọkàn rẹ̀ han ọlọ́pàá. Kí ó kọ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, ọjọ́ àti wákàtí, kí ó sì mú un tọ olùkọ́ rẹ̀ lọ. Olùkọ́ ni yóò kọ̀wé sí olóhun, tí yóò sì dá àkókò fún un; bí olóhun kò bá dáhùn, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ngCERT, tí ìjọba fi sí ìdí irú iṣẹ́ yìí. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé olóhun yóò gba ìwé náà, tí yóò sì máa fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, nítorí ìtìjú a máa tètè di ìbínú. Nítorí náà orúkọ olùkọ́ ni kí ó wà nísàlẹ̀ ìwé náà, kí orúkọ ọmọ má sì sí nínú rẹ̀ rárá, àfi bí òbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí i.